Okùn Tí Mo So Mọ́ Ọwọ́ Ubaldo

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ wá gba ọ̀pá ìwọ̀ nítorí pé àsìkò alákàṣà ń ṣí lọ́jọ́ Ajé, ọ̀pá wà nílẹ̀, ẹ ó gbà á, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu mi. Ìyá Maruca, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ sún àga yín sábẹ́ ibòòji. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé ogún, ọdún mọ́kàndínlógún ni, ṣùgbọ́n òní ni òtítọ́ bá a. Dókítà ní ìlú Corozal wo ẹ̀dọ̀ mi, ó ní kí n má wulẹ̀ rán aṣọ Kérésìmesì. Mo rẹ́rìn-ín. Kò dùn mí. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti dùn mí kẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri ni ọkàn mi rí. Torí náà, ẹ má retí ẹkún lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo ní.

Gbogbo yín mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni Lao, ahun tí kì í ra ohun tó bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni mo fi ń ṣe ọ̀pá. Ìwọ̀ ńlá ni mo ń fi sórí rẹ̀, mo sì máa ń gé etí ìwọ̀ náà kúrò kó lè tètè yọ lára alákàṣà. Wáyà inú fáànù tó ti bàjẹ́ ni mo fi ń dì í, mo sì ń da gúlù lé e. Àpò àlùbọ́sà ni mo ń rán ṣe àpò tí ẹ ń kó alákàṣà sí. Ẹni tí kò lówó ọjà ṣọ́ọ̀bù rí tèmi rà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni okùn kékeré tó so ọ̀pá mọ́ ọrùn ọwọ́, kó má baà bọ́ nígbà tí alákàṣà bá ń jà. Bàbá mi kọ́ mi pé òwú ìránṣọ ni kí n fi ṣe é, ìlọ́po mẹ́ta péré. Ó ní, "Lao, okùn tó lè di ọ̀pá mú ni kí o so. Má so èyí tó lè di èèyàn mú." Bí ìwọ̀ bá há sábẹ́ àpáta nísàlẹ̀ omi, tí èémí sì ń tán lọ, kí amòòkùn fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí òwú já, kó máa gòkè bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín: mo mọ̀ ọ́n.

Ubaldo, ọkọ Ìyá Maruca, ni ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo ṣe bàbá ìsàmì fún Maruca ọmọ wọn. Ní gbogbo Sarteneja, abúlé wa yìí, nígbà yẹn, kò sí ẹni tó lè pẹ́ lábẹ́ omi tó o, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó wá bá mi ní èbúté lójú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Lao, kí lo fi so ọ̀pá tó o tà fún mi? Ṣé òwú nìyẹn àbí irun àgbàdo?" Mo ní òwú ni, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Ó ní, "Bàbá ẹ ti kú, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, àmọ́ ọ̀pá mẹ́rin ti bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá. Àwọn alákàṣà ń fi ọ̀pá mi kan òrùlé nísàlẹ̀ níbẹ̀!" Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń pè mí ní Lao Onírun Àgbàdo títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí wọra. Nígbà yẹn, nǹkan ṣì máa ń dùn mí.

Mo wá okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń pa ẹja ńlá, mo fi so ọ̀pá tuntun fún un. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó fà á títí, kò já. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wò mí. "Tí ìwọ̀ bá wá há ńkọ́?" Mo ní, "Ojóbó tó ń yọ ni mo ta sí i. Fi ọwọ́ kejì fa ibí yìí, á tú." Kò sí ojóbó tó ń yọ níbẹ̀. Ó ń gba àkókò láti ta á dáadáa, ọgbọ̀n ọ̀pá ló ṣì wà níwájú mi, ọkọ̀ sì ń ṣí lọ́jọ́ kejì. Kókó lásán ni mo ta, mo sì fún un pinpin. Mo rò ó pé Ubaldo kọ́ ni irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀lẹ ṣe máa ń rò ó. Ó gbá mi léjìká, ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi, ó sì lọ.

Ọkọ̀ onígbòkun Melesio la bá lọ, àwa mẹ́jọ, kálukú pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, láàárọ̀, omi dákẹ́, mo rí ọkọ̀ kékeré Ubaldo tó léfòó láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Mo ní Ubaldo ni, ó máa ń pẹ́. Mo tún mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì, mo mú alákàṣà kan, kí n tó wẹ̀ lọ síbẹ̀. Alákàṣà kan. Mo rántí bó ṣe tóbi tó. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ọ̀pá ti wọnú ihò àpáta tán, ìwọ̀ ti há, okùn sì fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò náà. Ó ti kú. Kókó mi ti wọ ẹran ara rẹ̀.

Mo fi ọ̀bẹ gé okùn náà, mo ti ọ̀pá wọnú ihò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, mo sì ki okùn náà sápò. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo gòkè lọ mú okùn ìdákọ̀ró, mo tún mòòkùn padà, mo so ó mọ́ ojú ọgbẹ́ yẹn gan-an, mo sì fi fà á gòkè, kó lè dà bíi pé ìfàgòkè ló dá ọgbẹ́ náà sí i. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Ọ̀rẹ́ mi ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó pariwo. Melesio ní, "Kí ló pa á? Omi dákẹ́, ọkùnrin náà ò sì ṣàìsàn. Ọ̀pá ẹ̀ dà?" Mo ní n kò rí ọ̀pá, n kò sì mọ ohun tó pa á.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí rántí pé Ìyá Maruca àti ọkọ wọn jà kí ọkọ̀ wa tó ṣí. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni Maruca máa gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, Ìyá Maruca sì ní kí Ubaldo dúró. Kò dúró. Ìyá Maruca pariwo lórí afárá èbúté pé, "Máa lọ! Kí òkun kúkú fi ọ́ ṣe ọkọ, èmi ò fẹ́ mọ́!" Nígbà tó wá jẹ́ pé a kò rí ohunkóhun tó pa á, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró sísàlẹ̀ ni. Mo gbọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Ubaldo kú, lẹ́yìn àdúrà òkú, wọ́n gbé kọfí àti támálè, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú ewé, fún gbogbo wa. Ìyá Maruca bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Wọ́n ní, "Bàbá ìsàmì, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹ má tàn mí o. Ṣé ó jà?" Okùn náà wà nínú ṣòkòtò mi bí wọ́n ṣe ń bi mí. Bí mo bá ní ó jà, wọ́n á bi mí pé kí ló dì í mú. Mo ní, "Kò jà. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ kọfí. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Kókó yẹn, ìwà ọ̀lẹ ni mo fi ta á. Èyí, mo ronú kí n tó sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà Ìyá Maruca kò dé etí omi mọ́. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì bọ́ síwájú gba Ara Olúwa láti ọdún mọ́kàndínlógún, torí wọ́n gbà pé ahọ́n àwọn ló pa ọkọ àwọn. Èmi ń gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa ń rí wọn tí mo bá ń padà sáyè mi, a ó sì kí ara wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń béèrè okùn tí kì í já lọ́sẹ̀ tó kọjá mọ ara rẹ̀. Ẹ fa okùn ọ̀pá yín kí ẹ tó kúrò nínú ọgbà yìí. Èyí tí kò bá já, ẹ jù ú sínú iná. Kí wọ́n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀pá yín sọnù. Ẹ jẹ́ kó sọnù.

Ìyá Maruca, mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ gba okùn yìí. Mo ń tọ́jú rẹ̀, n kò mọ ìdí. Ẹ wo apá ibí yìí tó gún régé, ọ̀bẹ mi ló gé e. Ẹ wá fọwọ́ kan apá kejì tó rí wúruwùru. Eyín Ubaldo nìyẹn. Ó ti jẹ ẹ́ kọjá ìdajì kí èémí rẹ̀ tó tán. Ẹni tó fẹ́ kú kì í fi eyín jẹ okùn. Ilé ló ń bọ̀, ìyá. Ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀.