Bí Owú Ṣe Dì Mí Lẹ́nu, àti Bí Títì Káfíńtà Ṣe Di Títì Ọmọ́táyọ̀

Ògo! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pariwo ògo lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ẹnu tí ẹ ń wò yìí, ọdún méje ló fi dì! Ògo! Ògo! Ògo fún Ọba tó ń ṣí ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì!

Baba Wòlíì, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ará Àyèká, mo kí yín. Bí ẹnu Ìkálẹ̀ mi bá já lu Yorùbá tí mo ń sọ, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rí mi kò dùn létí níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fara dà á.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Fúnmi, ìyàwó àkọ́fẹ́ Káfíńtà tó ti sùn nínú Olúwa. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ kọ́lé sí ojú títì wa nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó ọ̀pẹ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Títì Káfíńtà. Bí mo bá gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu èèyàn, orí mi a wú. Obìnrin mẹ́rin ni mo bí, wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ ká pé méjì obìnrin kò dénú. Kò dénú mi náà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ níwájú pẹpẹ! Ìyá Táyọ̀, ìyàwó kejì, wọlé dé, ó bí ọkùnrin kan ṣoṣo, Ọmọ́táyọ̀, ni ilé bá yí padà. Orí ẹja tó jẹ́ tèmi di ti ọmọ. Àga tí ọkọ mi kàn fún mi, orí rẹ̀ ni ọmọ ń jókòó sí jẹun. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo jowú ọmọ ọwọ́! Mo jowú rẹ̀ títí ó fi hu irùngbọ̀n.

Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí o. "Ìyá mi àgbà" ló ń pè mí. Ọ̀pẹ ló ń gùn, nígbà tí baba rẹ̀ sì kú, ó ń kó ẹyìn wá fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. N óò ní, "Ìyá rẹ ti ṣa èyí tó dára lọ, àbí?" Á rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí ìlú dàrú nítorí ìbò, àwọn ọlọ́pàá ń wá àwọn tó ń sun ilé kiri. Ọ̀sán gangan ni. Mo wà nínú ẹkù epo wa lẹ́bàá títì, mo ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn. Táyọ̀ ń bọ̀ láti oko, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ wà léjìká rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì já sí i láti ìyànà. Ọ̀kan na ìbọn sí i, ó ní, "Ju nǹkan ọwọ́ rẹ sílẹ̀!" Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀pẹ nínú ìjọ yìí, ẹ sọ fún mi, ta ló ń ju igbà mọ́lẹ̀? Ohun tó ń gbé ẹ̀mí yín lókè! Kí ọmọ tó gun ọ̀pẹ àkọ́kọ́ ni baba rẹ̀ ti ń kọ́ ọ pé gbígbé ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀. Táyọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n gbé e kalẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rọra gbé e kalẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún un. Ìbọn kan péré. Yéè!

Èmi nìkan ló ṣojú mi. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá wá ṣe ìwádìí, ó ní àwọn ọmọ òun sọ pé jàǹdùkú ni, pé ó kọ̀ láti gbọ́ àṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú òkúta. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ rí?" Ìyá Táyọ̀ ń yí nílẹ̀, gbogbo ìlú kúnlẹ̀ tì í, ẹnikẹ́ni kò wojú mi. Ẹ gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi: mo jowú ẹkún rẹ̀! Mo ní, "N kò rí nǹkan kan."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti há mi lọ́fun. Òkèlè púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe kò gbabẹ̀ kọjá, omi ẹ̀kọ ni mo fi ń gbé ẹ̀mí ró. Mo lọ bá dókítà ní Òkìtìpupa, ó tanná sí ọ̀fun mi, ó ní, "Ìyá, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. N kò rí nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an! Baba Wòlíì bu omi àdúrà fún mi, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ gbé nǹkan mì tí kò yẹ kí ẹ gbé mì." Mo ní egungun ẹja ni.

Nígbà tí ogun abẹ́lé tó tẹ̀lé e parí, kánsù fẹ́ kọ orúkọ sára àwọn títì. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n fi orúkọ Ọmọ́táyọ̀ pe tiwa, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé ohun tí ìbọn ọlọ́pàá ṣe. Háà! Títì ọkọ mi? Ọmọ yìí gba orí ẹja, ó gba àga, ó kú tán, ó tún fẹ́ gba títì! Akọ̀wé kánsù wá bá wa nílé, ó ní, "Ìwé ọlọ́pàá ṣì ń pè é ní jàǹdùkú. Àfi tí a bá rí ẹni tọ́rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, a kò lè gbé pátákó náà dúró." Ó wo Ìyá Táyọ̀, ó wò mí. Mo ń pa èkùrọ́ mi lọ ní tèmi. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Táyọ̀ wá bá mi nídìí ààrò. Ó ní, "Ìyáalé mi, mo fẹ́ sọ fún akọ̀wé pé kí wọ́n fi orúkọ ọkọ wa sílẹ̀ sára títì."

Mo ní, "Kí ló dé?" Inú mi ti ń dùn.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò wojú mi. "Bóyá ó mú òkúta náà lóòótọ́. Èmi ni mo bí i, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀. Ọdún méje ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo ti ń gbà wọ́n gbọ́."

Ẹ̀yin ará! Owú mi ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì! Ẹ̀mí Olúwa ló la ẹnu mi, èmi kọ́. Mo ní, "Kò mú òkúta. Igbà rẹ̀ ló ń gbé kalẹ̀. Mo rí i."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Mo sin ọmọ mi bíi jàǹdùkú, ẹ sì rí i?"

Ó sunkún títí, ó wá bi mí bóyá ọmọ òun sọ nǹkan kan. Mo ní, "Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà.'" Ó ní kí n tún un sọ. Mo ń tún un sọ títí ọbẹ̀ fi jóná.

Mo lọ sí kánsù. Alága bi mí pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ látijọ́?" Mo ní, "Owú ni, sà." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé pátákó dúró: Títì Ọmọ́táyọ̀. Ògo! Mo délé, mo jẹ odidi púpurú kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́!

Ṣé owú ti tán pátápátá? Ẹ má jẹ́ n purọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tuntun náà lẹ́nu aládùúgbò, ó ta mí. Mo ní, "Owú, mo mọ̀ ọ́. Jókòó."

Ìwọ tí nǹkan há lọ́fun nínú ìjọ yìí, tí o ń ti ọ̀dọ̀ dókítà dé ọ̀dọ̀ wòlíì, bí o bá rí nǹkan, lọ sọ ọ́. Lọ lónìí. Mo dúpẹ́, Jésù, mo tún ọpẹ́ dá!

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá Táyọ̀ ló jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn yẹn. Láti ọjọ́ ìdí ààrò, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló ń bá mi sọ, n kò sì dá a lẹ́bi. Mo ń lọ bá a báyìí. Bí ó bá sún fún mi kí n jókòó tì í, ẹ bá mi yọ̀. Bí kò bá sún, ẹ bá mi dúpẹ́ síbẹ̀, n óò dúró.