Àwo Mi Ni Wọ́n Pín Ní Ìdí-Igi

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí mọ ìyẹn ná, nítorí àwọn ará ilé ọkọ mi ń sọ ọ́ kiri pé ìbànújẹ́ opó ló ń dà mí láàmú. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Mo ti sunkún ọkọ mi tán, mo sì sun ún dáadáa, gbogbo àdúgbò wa ní Lomé níbí ló lè jẹ́rìí mi. Ohun tó kù nínú mi báyìí, ìbínú ni. Àwo orin tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ni wọ́n pín mọ́ ogún òkú. Wọ́n fún mi ní méjì nínú ohun tó jẹ́ tèmi, wọ́n sì ní kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo sì kúnlẹ̀!

Aṣọ ni mò ń tà. Iṣẹ́ ìyá mi ni, òun ló mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo ṣì kéré, tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síbi tí àwọn Jámánì ti dìde. Ìgbà tí ogun ńlá kejì parí ni mo gbé aṣọ lọ fún madáàmù Faransé kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní kí n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gíramafóònù ń kọrin nínú ilé, fèrè kan sì ń dún nínú orin náà tí mo fi gbàgbé ẹrù tó wà lórí mi. Ṣé ẹ mọ bí obìnrin ṣe máa ń kọrin nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́ nínú ilé tí kò sì láṣẹ láti sọ ọ́? Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Á máa gbálẹ̀, á máa fọ abọ́, á sì máa fi orin bú ẹni tó mọ ara rẹ̀. Bí fèrè yẹn ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú orin náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣẹ ẹni tó ń fọn ọ́n, ó sì ti rí ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Nígbà tí madáàmù jáde tó kí mi ní "Bọ́ńjúù," mo kàn nàka sí inú ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní jáàsì ni wọ́n ń pè é.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ìbátan kan láti Àjàṣẹ́, Bùràímọ̀, tó jẹ́ kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ ilẹ̀ Faransé. Màá fún un ní aṣọ, òun náà á fi wá àwo jáàsì fún mi lọ́hùn-ún. Àwo yẹn, ẹlẹgẹ́ ni, bó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, fífọ́ ló ń fọ́ bí àwo tánganran. Ẹ sì mọ wáàfù wa ní èbúté. Ọkọ̀ ńlá kì í lè sún mọ́ ọn, inú ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa ẹrù sókè, tí á máa gbá síhìn-ín gbá sọ́hùn-ún. Nítorí náà Bùràímọ̀ máa ń rì wọ́n sínú àpò ìrẹsì. Èmi ni mo ń tú àpò náà, èmi ni mo ń fi aṣọ rírọ̀ nu àwo kọ̀ọ̀kan, èmi náà ni mo sì ra gíramafóònù. Ìyálé mi máa ń dúró tì mí, torí ó fẹ́ràn ìrẹsì náà.

Ọkọ mi, bàbá Sáfù, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò bá mi jà. Ó kàn pè mí sí yàrá, ó ní, "Ìyá Sáfù, gbé e sí pálọ̀ mi. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé tèmi ni. Kí làwọn èèyàn á máa wí, pé ìyàwó mi ń lọ bá àwọn atukọ̀ ní wáàfù gba àwo orin?" Mo rò ó, mo ní kò burú. Èwo ni tèmi, èwo ni tirẹ̀, nínú ilé tí a jọ ń gbé? Ẹnu mi ni mo fi ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé bàbá Sáfù ló ni ín. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Mùsíọ̀ Dísìkì, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Aláwo Orin, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn nínú. Bí àlejò bá ń bọ̀, màá to àwo náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣáájú á wà lókè, kó má baà ṣì í gbé, torí kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Màá wá lọ jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì, màá máa gbọ́. Bí abẹ́rẹ́ gíramafóònù bá kú, kò ní pààrọ̀ rẹ̀, á máa fi ya ojú àwo mi lọ. Nígbà mìíràn á ti sùn lọ kí orin tó dé àárín, àlejò á sì máa mi orí níwájú ẹni tó ń hanrun.

Èyí tó dùn mí jù ni àpótí kan. Páálí líle ni, ó ní àpò mẹ́fà, àwo kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni orin tó wà nínú rẹ̀, eré tí àwọn kan ṣe níwájú èrò, ṣùgbọ́n torí àwo kan kò lè gbà á, wọ́n pín in sí mẹ́fà. Nínú àwo kìn-ín-ní ni fèrè ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Dùùrù á dá a lẹ́nu, ìlù á lé e, àwọn fèrè tó kù á bò ó mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń bá a ṣe é títí di àwo kẹfà. Níbẹ̀ ni gbogbo wọn ti dákẹ́, tí òun nìkan wá sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹni tí kò bá sì gbọ́ ti ìparí kò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá Sáfù ṣàìsàn, ó sì kú. Kò kú lójijì o. Ó wà lórí ibùsùn pẹ́, ó rí ẹnu pín kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rí ẹnu pín fìlà rẹ̀, kò rí ẹnu sọ pé àwo yẹn, ìyàwó mi ló ni ín. N kò pe orúkọ rẹ̀ rí nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n pè é lónìí. Láwànì, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo nílò.

Lẹ́yìn ọjọ́ ogójì, wọ́n jókòó láti pín ogún. Bàbá Kékeré ló ń darí wọn. Bí mo ṣe ń pe àbúrò ọkọ mi nìyẹn, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Wọ́n ní ìdí-igi ni àwọn fi ń pín nǹkan nínú ẹbí wọn: ìyàwó mẹ́ta ni ọkọ mi fẹ́, èmi ni èkejì, ọ̀nà mẹ́ta ni ogún rẹ̀. Ìyàwó kékeré ń ṣe opó tirẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, inú yàrá opó ni èmi àti ìyálé mi wà, a ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ìkòkò, wọ́n pín àwọn àwo orin tó kù láàárín ara wọn. Bàbá Kékeré wá ní, "Àpótí dísìkì ẹ̀gbọ́n mi dà? Àwo mẹ́fà, ìdí-igi mẹ́ta. Ó pé géérégé, kò sí ìjà." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in bí ẹran iléyá, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, láti orí ìyálé bọ́ sórí ìyàwó kékeré, ó fi tèmi ṣe ìkẹyìn, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mo dìde. Ìyálé mi di ìró mi mú.

"Jókòó. Opó kì í dá sí ọ̀rọ̀ ogún."

"Ìyálé mi, ìṣojú yín ni mo ti ń tú àpò ìrẹsì. Ẹ mọ̀ pé tèmi ni."

"Ẹnu rẹ lo fi sọ fún gbogbo ayé pé tirẹ̀ ni. Ṣé ẹnu náà lo tún fẹ́ fi gbà á padà?"

Mo jókòó. Àwo kẹta àti ìkẹfà ni wọ́n fún Sáfù ọmọ mi, wọ́n pè mí jáde pé kí n wá dúpẹ́ fún ọmọ mi. Bàbá Kékeré gbé gíramafóònù lọ ilé rẹ̀. Àwo méjì ló kù mí kù, kò sì sí ohun tí màá fi gbọ́ wọn.

Nígbà tí mo jáde opó, mo wá àwọn yòókù lọ. Ràfíù, ọmọ ìyálé mi, ti fi ìṣó kan ìkíní àti ìkẹrin mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ara rẹ̀. Mo ní ó sàn, kò tíì fọ́. Mo wá kọjá sí àdúgbò Ablogamé lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré, tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ó kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Mo béèrè àwo, ó nàka sí ẹ̀pà. Ó ti ki àwo mi bọ omi gbígbóná títí ó fi rọ̀, ó fi ìsàlẹ̀ ìkòkò tẹ̀ ẹ́ di abọ́, ó sì fi ìda dí ihò àárín rẹ̀. Méjèèjì. Bébà pupa ojú rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀pà.

"Ìyálé mi, ẹ wò ó, kì í jò," ló wí, ó sì bu ẹ̀pà fún mi pé kí n máa jẹ lọ. Ẹ má sọ fún mi pé kò mọ̀. Mo mọ̀ pé kò mọ̀, inú sì bí mi sí i síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Kékeré wá bá mi. Ọdún ọkọ mi ti pé, wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ tó ń bọ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, bí àwọn áfáà bá ti lọ, a fẹ́ fi àwo ẹ̀gbọ́n mi kọrin, kí gbogbo èèyàn rántí Mùsíọ̀ Dísìkì. Jọ̀ọ́, mú méjì ọwọ́ rẹ wá." Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí ti èkejì àti ìkarùn-ún tó ti di abọ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa mọ̀?"

Ta ló máa mọ̀! Èmi ni màá mọ̀. Wọ́n fẹ́ kí n jókòó láàárín wọn, kí n máa gbọ́ orin mi tí wọ́n ti yọ eyín rẹ̀, kí n sì máa ṣe àmín sí i pé òkú ló ni ín. Bí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo ti sọ ọkọ mi di òpùrọ́ nínú sàréè. Àwọn àna tó fẹ́ fẹ́ Sáfù á wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n á gbọ́ pé ìyá ìyàwó wọn máa ń bá àwọn atukọ̀ pàdé, ta ni yóò sì dúró gbọ́ àlàyé ìrẹsì? Bí mo bá sì dákẹ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò tún ní sí ẹni tó máa mọ̀ láyé mọ́ pé mo ní ohun kan rí.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ohun tó bá jẹ́ tiyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní tiyín nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì ń mí. Ẹ má fi bo ọkọ láṣìírí, torí àwọn ará ilé rẹ̀ kò ní fi bo tiyín. Àwo kẹfà wà nínú àpótí aṣọ mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti ti àpótí náà pa. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Jímọ́ tó dé: kí n mú un lọ kí n sì sọ̀rọ̀, àbí kí n jókòó sílé? Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ, n ó gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù. Sùúrù ni mo ṣe tí àwo mi fi di abọ́ ẹ̀pà.