Okùn Ojú Títì Igolo

Nínú takisí tó ń ti Igolo bọ̀ ní Ifọ̀nyìn, ọmọbìnrin kan ń ròyìn ìwé ìtàn tó ń kọ fún ìyá arúgbó tí wọ́n jọ jókòó.

"Màmá, inú ìràwọ̀ ni àwọn èèyàn inú ìwé mi ti wá. Èdè wọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ààlà ìlú, torí náà ojú wọn kì í rí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò ṣeé gbà gbọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Wàláì, kò dìgbà tí èèyàn bá ti ìràwọ̀ wá. Ààlà oko nìkan ni ìyá mi mọ̀. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè kọ́kọ́ ta okùn dí títì Igolo, òjò ti pa ìyá mi. Ó kí wọn, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó sì sá a sórí okùn."