Òrùka Funfun Lára Igi Àtíòro

Ẹ̀yin ọmọ bàbá mi, àtẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀yin náà bí, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ èyí, ẹni tó bá sì ń jẹun lọ́wọ́ kó gbé e mì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti lo ọdún méjìlélógún, ó ní láti jẹ́ pé òtítọ́ sinmi díẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ti dé báyìí, ó ti jókòó sórí àga tó kọjú sí mi, kò sì gbà kí n fún òun lómi mu. Kì í ṣe Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ló jẹ̀bi igi àtíòro. Èmi ni. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi alágbàfọ̀, èmi tí ẹ ń pè ní Màmá Olórin. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi má baà ráàyè yí i padà. Ìwé kẹta ni mo kà dé, torí náà ibi tí lẹ́tà bá ti wọ́, ẹ bá mi tì í dìde.

Àwa mẹ́ta ni bàbá wa fi igbó rẹ̀ sílẹ̀ fún: ẹ̀gbọ́n wa Alága, èmi, àti àbúrò wa agégi. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ni wọ́n ń pè é, torí bí o bá ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ pé ibí ni kí igi ńlá wó sí, orí ọ̀pá náà gan-an ló máa wó sí. Lọ́dún náà la pe obìnrin òṣìṣẹ́ igbó kan kó wá kọ́ wa bí a ṣe lè máa gégi tà láìsọ igbó dahoro. Ó wọ bàtà òjò, ó ń rẹ́rìn-ín sí igi bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀. Ó ní kí a fi igi etí odò sílẹ̀, kí omi má baà gbẹ. Ó ní igi tó bá dá wó, kí a jẹ́ kó jẹrà síbẹ̀, torí ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀dà: pupa fún igi tí a lè gé, funfun fún èyí tí a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Igi mọ́kànlá ló fi funfun yí ká bí òrùka, òkú igi ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé mi ló sì kọ́kọ́ yí ká. Alága ní, “Ẹ ní ká gé alààyè, ká fi òkú sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe nílé yín ni?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, inú òkú yìí nilé wà. Ihò tí ẹ rí lókè yẹn, ó lè gba igi ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó ní irú ẹ̀.” Ó nawọ́ sókè. Àtíòro ló wà níbẹ̀, ẹyẹ dúdú aláyà funfun, tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ọ̀bẹ. Abo ti wọnú ihò lọ pamọ, òun àtakọ ti fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ó ku ojú tóóró kan bí ẹnu àpò. Ìyẹ́ apá abo á re dànù síbẹ̀, kò ní lè fò, akọ lá máa gbé oúnjẹ wá títí ọmọ á fi dàgbà. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, irú ọkọ tí ẹ ní kí n bá yín wá rèé.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń fọṣọ fún ilé ìtura. Ogún aṣọ ìtẹ́sùn funfun ni mò ń sá lójúmọ́, àtíòro yìí á sì jẹ èso pupa nínú igbó lọ́hùn-ún, á wá yàgbẹ́ rẹ̀ sórí aṣọ mi. Máníjà ilé ìtura ní, “Màmá, àwọn àlejò ń bi wá bóyá wọ́n gún ẹnì kan lórí ibùsùn yìí.” Mo sọ fún Alága, ó ní kí n sún okùn aṣọ mi. Sún un lọ sí ibo? N ò sì ní purọ́ mọ́, ohun kan tún wà ńbẹ̀: lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ọ̀dà kun igi, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan. Wọ́n ní kí n lọ se tíì fún àlejò. Igbó bàbá tèmi náà.

Agolo ọ̀dà tó ṣẹ́ kù, yàrá ẹrù mi ni wọ́n gbé e sí. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo yín lọ kí ìyá ọmọ tuntun nílé ìwòsàn, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí. Ní ọ̀sán gangan, mo gbé kẹrosíìnì, ọṣẹ, àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì líle, mo lọ bá òkú igi. Ẹni tó ń yọ epo lára aṣọ funfun, kí ni ọ̀dà máa fi í ṣe? Mo fọ òrùka funfun kúrò kanlẹ̀, mo fi pupa rọ́pò. Mo wá rántí pé obìnrin náà á ka igi funfun tó bá padà wá, ni mo bá lọ fi funfun bo pupa lára igi kékeré kan nísàlẹ̀, kí iye lè pé mọ́kànlá. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni mo fi hùwà ìkà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń tì mí lójú jù: mo ń kọrin bí mo ṣe ń ṣe é.

Àtíòro, kó lọ o,
Aṣọ mi ń fẹ́ funfun,
Ayé gbà ọ́, igbó gbà ọ́,
Ẹ̀yìnkùlé mi ò gbà ọ́.

Akọ gbé èso wá, ó fi bọ́ ìyàwó rẹ̀ lójú tóóró yẹn lókè orí mi, ó wò mí, ó fò lọ. Èmi ń dárin lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n gbé ayùn dé. Ó yí igi náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wò ó. Ó wá pè mí níbi tí mo ti ń fún aṣọ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe èyí ni obìnrin yẹn ní ká fi sílẹ̀?” Mo ní, “Àwọ̀ wo lo rí lára ẹ̀?” Ó ní, “Pupa.” Mo ní, “Kí lo wá ń bi mí fún? Pupa ni pupa.” Ó gé e. Igi là sí méjì, ilẹ̀kùn ẹrẹ̀ fọ́. Ìyá ẹyẹ jáde láìsí ìyẹ́ lápá, ó ń sáré nílẹ̀ bí òròmọdìẹ. Ọmọ méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kú. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ń gbọ̀n. Ó gbé ìyá náà sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ mi, lórí táwẹ́ẹ̀lì mímọ́, ó ń fún un lómi. Kí oòrùn tó wọ̀, ó kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni akọ fi ń gbé èso wá. Á fò yí òfuurufú ká níbi tí ihò ti wà tẹ́lẹ̀, á wá bà lé òpó okùn aṣọ mi, èso lẹ́nu. Kò yàgbẹ́ sórí aṣọ mi lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Obìnrin òṣìṣẹ́ igbó dé, ó ka igi funfun, ó pé mọ́kànlá. Ó ní, “Mo mọ igi tí mo kùn.” Àbúrò mi ní, “Pupa ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n mi wà ńbẹ̀, àwọn náà ní pupa ni.” Gbogbo yín yíjú sí mi. Ìtì tí òrùka pupa wà lára rẹ̀ ti jóná lábẹ́ ìkòkò omi aṣọ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o síná. Mo ní, “N ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Àbúrò mi, àfi bí ojú ẹ bá ti ń ṣe bàìbàì.” Láti kékeré la ti kọ́ ọ pé a kì í pe ẹ̀gbọ́n ẹni ní onírọ́, ẹ̀kọ́ tí mo fi lé e lọ́wọ́ fúnra mi ni mo fi dè é lẹ́nu. Alága gba kọ́kọ́rọ́ géètì igbó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ojú-Ò-Ríran. Ṣọ́ọ̀bù onípákó ló ti ń gbá lẹ́búlẹ́bú igi títí dòní. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀ wá fún mi, n kì í gba kọ́bọ̀, ó sì ń sọ fún aráyé pé kò sí ẹ̀gbọ́n bí èmi. Bó bá ń kó aṣọ rẹ̀ lọ, á mú ọ̀kan sókè, á bi mí ní jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, funfun nìyí, àbí?” Ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Èmi ni mo gba ìgbàgbọ́ tó ní nínú ojú náà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló wá lọ kọ́ iṣẹ́ igbó. Ẹ̀yin náà rí i tó ń gbé àpótí onípákó kọ́ sórí igi kiri, ẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kọ́lé fáwọn tí ò ní san owó ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fà mí lọ́wọ́, ó ní, “Màmá, ẹ wá wo nǹkan.” Àtíòro ti fi ẹrẹ̀ dí ẹnu àpótí kan, ó ku ojú tóóró bí ẹnu àpò. Akọ gbé èso dé. Inú mi dùn títí mo fi jó, pẹ̀lú eékún mi yìí. Mo lanu láti kọrin, orin àtijọ́ yẹn ló jáde, mo sì fi etí ìró mi nu ojú. Ọmọ náà bi mí kí ló dé, mo ní kòkòrò kó sí mi lójú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí lẹ fẹ́ yan ẹni tó máa mú kọ́kọ́rọ́ igbó. Alága ti sọ ọ́ pé ọmọ ẹni tó gé igi àtíòro ò ní mú un. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ ni. Ẹ fún un. Ẹ pe bàbá rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá rí òkú igi tó dúró, ẹ má ṣe sọ pé kò wúlò kí ẹ tó wo inú rẹ̀. Tí ẹ bá sì ń ṣèpàdé lórí igbó, ẹ má ní kí ẹnì kankan lọ se tíì.

Àbúrò mi, pupa ni. Pupa lo rí, èmi ni mo kùn ún. Foríjì mí, bó bá ṣeé ṣe. N ò ní wá kan ilẹ̀kùn rẹ. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀, mo ti pọn omi sílẹ̀. Bí mo bá rí apẹ̀rẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà mi, màá mọ̀. Bí n ò bá rí i, mo mọ̀ náà.