Ìgbẹ́ Adìyẹ Tó Ṣì Gbóná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì lè gbé e mì mọ́. Ọ̀la ni Ìyá Ìbejì ń padà sóko, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí.

Ẹ̀fọ́ ni mò ń gbìn ní Ìbà, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Kì í pẹ́ kó tó dowó, àwọn alájàpá láti Okokomaiko ló ń wá ra odindi bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ebè ẹ̀fọ́, lórí ìdúró. Òun ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi rán ọmọ ní yunifásítì. Mo mọ iṣẹ́ mi, mi ò ní ṣojú ayé.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, rí bó ṣe ń pé mi, ló bá gba ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ilẹ̀ yẹn ti ń wù mí tipẹ́, torí kànga wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Ó ra ìgbẹ́ adìyẹ tó fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀, èéfín ṣì ń yọ lára rẹ̀. Àwa tá a ń gbin ẹ̀fọ́ mọ̀ pé ńṣe la máa ń kó o jọ kó tutù ná, torí tuntun máa ń jó ẹ̀fọ́. Kò ní ẹlòmíì tó lè bi àfi èmi. Ó ní, "Ìyá Dàmọ́lá, ṣé kí n dà á báyìí?"

Mo ní, "Ẹ dà á, kò sí wàhálà."

Ẹ̀fọ́ rẹ̀ hù, ewé rẹ̀ pọ́n, ó sì kú. Ó tún gbìn, ó tún da ìgbẹ́ sí i. Nígbà tó sú u, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń ta omi tútù ní gáréèjì. Mo gba ilẹ̀ náà, tòun ti kànga.

Kò fura. Ó máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ọwọ́ òun ò dáa fún oko, pé èmi ni Ọlọ́run bù kún. Èmi náà á ṣe àmín! Ojú ń tì mí, ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó ní, "Ẹ fún mi ní bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́ mi dáadáa lọ́tẹ̀ yìí." Mo gbà. Ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ni mo máa dá padà fún un, pẹ̀lú kànga. Ìyẹn ò ṣòro, oko mi tó mi.

Ṣùgbọ́n ó ti ra ìgbẹ́ adìyẹ sílẹ̀. Tí mo bá ní kó jẹ́ kó tutù ná, á rántí ohun tí mo sọ nígbà yẹn. Tí mo bá dákẹ́, ẹ̀fọ́ rẹ̀ á tún jó.

Mo máa sọ fún un, ìyẹn dá mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀, kó tó sọ àpò ìgbẹ́ yẹn kalẹ̀.