Ẹ Wá Jẹun, Ẹ̀yin tí Ẹ Ń Kà Mí

Alága ìjókòó wa, Alàgbà Bámigbóyè, tíṣà àgbà, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìdajì àwọn ọmọ Yorùbá Minna ní ìwé, mo kúnlẹ̀ kí yín. Orúnkún ló ní kí n má kúnlẹ̀ tán. Ẹ̀yin àgbààgbà lọ́kùnrin lóbìnrin tí ẹ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ́ṣáláṣí wá àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, mo kí yín pọ̀ ni, nítorí nínú ọgbà yìí, inú ìkòkò kan náà lẹ ti ń jẹun. Ẹ̀yin aládùúgbò wa ní Soje, sannunku da zuwa, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì Gidan Kwano tí ẹ wọ bọ́ọ̀sì nínú oòrùn yìí, ẹ̀yin agùnbánirọ̀, mo rí yín. Ẹ yé fi fóònù ya mí, gèlè mi kò tíì jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kí n má baà ṣìnà. Èmi, kí n ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ ara mi? Ṣùgbọ́n mo gbà. Khàdíjàh, tíṣà tó ń gbé ní Dutsen Kura, ló bá mi kọ ọ́ bó ṣe ń bá mi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi láti ọdún 2005. Mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá rí gbólóhùn kan tí kì í ṣe tèmi nínú rẹ̀, màá dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo yín. Prámárì tíríì ni mo kà. Mo lè ka Yorùbá bí kò bá sí ẹni tó ń kán mi lójú. Èyí tó kù, ayé ló kọ́ mi, ayé kì í sì í fúnni ní sátífíkéètì.

Ẹ mọ ohun tó kó wa jọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ mi Sàláhúdéènì yóò gbé mi lọ sí Òffà, ilé wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí, tí mò ń lé e padà. Nígbà tó yá ó dákẹ́, mo rò pé mo ti borí rẹ̀. Àṣé ọjọ́ tí orúnkún mi máa kọṣẹ́ ló ń dúró dè. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo yín sì ń bi mí láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́: ta ni yóò máa kọ ojú ìwé Màmá Soje lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ta ni yóò máa gbé oúnjẹ kalẹ̀ lọ́jọ́ ọdún fún àwọn tí kò ní ilé tí wọ́n máa lọ? Màá dáhùn. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ẹni tó bá ń kánjú kó wọkọ̀.

Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé ọkọ mi wá sí Minna, èmi sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó kọ́ ilé yìí, ó gbin máńgòrò yìí, ó sì lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run kí igi náà tó so dáadáa. Àwọn ọmọ tú ká. Yàrá iwájú ṣófo. Ìgbà náà ni Olúgbémiga wá, ọmọkùnrin kan tó ní òun fẹ́ ṣí kafé, òun fẹ́ kó kọ̀ǹpútà síbẹ̀, pé àwọn èèyàn yóò máa wá wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbà á láyè, mo sì gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ń sọ pé Olúgbémiga gbà mí síṣẹ́. Kò gbà mí síṣẹ́ o. Ilé mi ni. Ṣé mo máa jẹ́ kí àjèjì máa wọlé kí n má mọ ojú ẹni tó wọlé ni?

Níbi tí mo jókòó sí ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Mo pe Khàdíjàh, agùnbánirọ̀ ni nígbà náà.

Mo ní, “Kí lẹ ń kà tó ń pa yín lẹ́rìn-ín?”

Ó ní, “Màmá, blọ́ọ̀gì ni. Obìnrin kan ló ń sọ ohun tó jẹ láàárọ̀, ibi tó lọ, bó ṣe lo ìsinmi rẹ̀.”

Mo ní, “Ta ló bi í?”

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó bi í, Màmá. Ó kàn ń sọ ni.”

Mo ní kó kà á fún mi. Obìnrin náà jẹ búrẹ́dì létí òkun. Búrẹ́dì! Ó sọ ọ́ títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Mo ní ṣé nítorí búrẹ́dì lẹ ṣe ń sanwó fún Olúgbémiga? Èmi tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òffà dé ibí nígbà tí ewúrẹ́ àti èèyàn jọ ń wọ kọ́ọ̀ṣì kan náà, ṣé n kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni? Mo ní, “Khàdíjàh, ṣí tèmi.”

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Màá sọ ọ́, Khàdíjàh á tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa yí i sí òyìnbó kí àwọn ará ìta lè gbọ́. Mo ní rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mo jẹ, kó gbọ́ èdè tí mo fi jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, a sọ ìtàn ewúrẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà, ó kù díẹ̀ kó parí, NEPA mú iná lọ. Khàdíjàh fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Màmá, ọ̀rọ̀ yín ti lọ.” Mo ní, “Ó lọ síbo?” Bí ilé ọba bá jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí iná dé, mo tún un sọ, ewúrẹ́ ti di màlúù. Olúgbémiga ní, “Ṣùgbọ́n Màmá, ewúrẹ́ lẹ sọ lẹ́ẹ̀kan.” Mo ní ìwọ lo wà nínú ọkọ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń sọ: bí òjò ṣe wó ògiri aládùúgbò, bí kànga ṣe gbẹ, bí a ṣe lo ọdún. Ní ìparí gbogbo rẹ̀, màá ní kí Khàdíjàh kọ ọ́ síbẹ̀: Ẹ wá jẹun o. Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó ń jẹun gbọ́dọ̀ pe ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó ń kọjá á ní á gba ibi ire, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìkíni ni. Ta ló máa ń jókòó ti abọ́ nítorí pé wọ́n ní kó wá jẹun?

Ẹ bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2006. Iléyá ọdún náà bọ́ sí ìparí oṣù Kejìlá, Kérésì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Mo ti sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé mo ti ra àgbò, pé ọbẹ̀ mi máa ta sánsán dé Bosso, ẹ wá jẹun o. Mo kírun dé, mo ń dáná, ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu géètì, ó di bẹ́líìtì mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ lọ gbaṣẹ́.

Ó ní, “Barka da Sallah, Mama. Ẹ ní kí a wá jẹun.”

Mo ní, “Ta ni?”

Ó ní, “Èmi ni. Mo ń ka blọ́ọ̀gì yín.”

Mo wò ó. Mo ní, “Ọmọ Yorùbá ni ọ́?”

Ó ní, “Ẹ̀ẹ́n, ma. Kaduna ni wọ́n bí mi sí.”

Mo ní ó ti yé mi. Hausa ló fi dàgbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìkíni ni. Mo fẹ́ kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹ mọ ẹnu mi. Mo ṣáà bi í pé kí ló dé tí kò lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ní ìyá òun ti kú, kò sí ilé tí òun lè lọ, gàrí lòun fi ṣe Kérésì nínú yàrá àwọn agùnbánirọ̀. Ó wojú mi, ó ní, “Màmá, ṣé mo tètè dé jù ni?”

Olúwanífẹ́mi nìyẹn. Kí n tó bu oúnjẹ rẹ̀ tán, àwọn mẹ́ta míì ti dúró lẹ́yìn géètì. Ó ti sọ fún wọn! Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọgbà ti kún. Ìyàwó Málàm tó ń gbé lódìkejì yọjú lórí ògiri, ó ní, “Hajiya, baƙi ne?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ni. Ó wo èrò, ó wo ìkòkò mi, ó wọlé lọ, ó sì ru ìkòkò tirẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ kejì, Khàdíjàh ní ṣé kí òun yọ gbólóhùn “ẹ wá jẹun o” yẹn kúrò, kó má di wàhálà. Mo ní kó má dán an wò. Ẹyin lohùn. Bí ẹnu mi bá ti sọ ọ́, ìkòkò mi ni yóò san án. Láti ìgbà náà, Iléyá ni o, Kérésì ni o, Ìtunu Ààwẹ̀ ni o, géètì yìí kì í tì. Àwọn tó wá á padà lọ kọ tiwọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi àwòrán abọ́ síbẹ̀, àwọn míì á kà á láti òkè òkun, wọ́n á ní, “Màmá, ẹ fi tèmi sílẹ̀ o.”

Sàláhúdéènì pè mí. Inú bí i. Ó ní, “Màmá, ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi mọ irú ọbẹ̀ tí ẹ sè. Kí ló dé tí ẹ ń tú ilé síta?” Mo ní ṣé ẹran jíjí ni mo sè ni? Mo pa fóònù. Ṣùgbọ́n mo rò ó, ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò ó gan-an. Bàbá tèmi, bó bá máa rìnrìn àjò, ó máa ń dé ibi tó ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó kúrò nílé. Kí ni èmi ń wá tí mo fi ń rojọ́ ọjọ́ mi fún àwọn tí n kò mọ̀?

Obìnrin búrẹ́dì yẹn ló fi yé mi. A kò yéé kà á. Lọ́jọ́ kan ó fi àwòrán ìsinmi rẹ̀ síta: òkun, bàtà rẹ̀ nínú iyanrìn, àwo kan, ṣíbí kan. Mo ní, “Khàdíjàh, ta ló ń ya obìnrin yìí?” Ó ní, “Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya ara rẹ̀, Màmá.” Láti ọjọ́ náà, n kò fi búrẹ́dì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo ní kí Khàdíjàh kọ ọ́ sí i pé, ẹ kú ìrìn o, a bá yín rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rí. Lẹ́yìn ikú bàbá Sàláhúdéènì, èmi nìkan ló ń jẹun nínú ilé yìí. Màá bu oúnjẹ, màá wo ọ̀tún, màá wo òsì, kò sí ẹni tó ń kọjá. Ṣé ẹ mọ bí oúnjẹ ṣe ń rí lọ́nà ọ̀fun ọmọ Yorùbá tí kò rí ẹni tó máa pè? Ẹni tí mo máa sọ “ẹ wá jẹun” fún ni mo ń wá. Ẹ ti ń sọ ọ́ kiri pé Olúwanífẹ́mi ṣe àṣìṣe, ẹ ti fi rẹ́rìn-ín, èmi náà ti bá yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà, ẹ kà á, ẹ ní á gba ibi ire, ẹ kọjá lọ. Òun tí kò mọ àṣà ló gbọ́ ohun tí mo wí.

Olúwanífẹ́mi wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti Victoria ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ilé wa ní Dutsen Kura ní ọgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Tí wọ́n bá pọ̀ jù ńkọ́?”

Victoria ní, “Kí a fi omi kún ọbẹ̀ nìyẹn.”

Ó ní, “Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá ńkọ́?”

Mo ní, “Ìyẹn ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù.”

Olúwanífẹ́mi, dìde. Dìde, kí wọ́n rí ọ. Sọ ọ́ fún wọn. Haba, sọ ọ́ sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Ẹ̀ẹ́n! Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ní ẹ wá jẹun o. Iléyá yìí, Dutsen Kura ni. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ìkòkò Victoria ni yóò san án.

Ó ku ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbólóhùn kan wà nínú bébà ọ̀rọ̀ tí mò ń kà yìí. Wọ́n kọ ọ́ pé, “Ohùn Màmá ni a ó máa ṣàárò jù.” Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní màá dárúkọ ẹni náà: Khàdíjàh ni. Má bojú, ọmọ mi. Ẹni tó lè ki gbólóhùn bọ àárín ọ̀rọ̀ mi ti tó ẹni tó ń sọ tirẹ̀. Gba ojú ìwé náà. Ohun tí ìwọ jẹ ni kí o máa kọ, má kọ tèmi.

Mo mọ̀ pé mo lágídí. Olúgbémiga, o fara dà mí, o ṣeun. Ọ̀gbẹ́ni tí mo lé jáde ní kafé nítorí ẹ̀pà tó ń jẹ lórí kọ̀ǹpútà, bóyá o wà níbí, má bínú. Ṣùgbọ́n bí o bá tún jẹ ẹ́, màá tún lé ọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ bu oúnjẹ kí ẹ má rí ẹni pè. Ẹ kò ní wà ní ìlú onílùú kí ilẹ̀kùn tì mọ́ yín lọ́jọ́ ọdún. Àwọn ọmọ yín tó tú ká, wọn yóò rí ìyá ní gbogbo ibi tí wọ́n bá dé. Àti èmi, bí mo bá jókòó ní Òffà, tí ọmọ ọmọ mi bá kà á sí mi létí pé ẹ wá jẹun o, ẹ má retí kí n ní á gba ibi ire. Sàláhúdéènì, máa wá epo sínú mọ́tò.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìrẹsì ti jinná, kí ẹnikẹ́ni má kí mi kó kọjá lọ.