Àsíá Mi Kò Ya

Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi nígbà tí ọ̀gá mi kọ̀ láti gbọ́, Òun ni mo dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi yìn ín! Ẹ̀yin ará, ẹ pariwo rẹ̀ dáadáa, torí ohun tí ojú mi rí kì í ṣe kékeré.

Orúkọ mi ni Sista Bùnmi, ọmọ Ìgèdè. Iléeṣẹ́ kan ní Adó níbí ni mo wà, a máa ń fi kọ̀ǹpútà ńlá ṣírò bí òjò yóò ṣe rọ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Wọn ò tíì kọ́ńfáàmù mi nígbà náà. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ọba mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: wọ́n lè jí láàárọ̀ kí wọ́n ní kí n máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ̀yin màmá iwájú lè bá mi yọ̀. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ èdè wa. Ògbufọ̀ ló ń lò, bíi ti ìwàásù, ògbufọ̀ yẹn là ń pè ní kọ̀mpáílà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, a ó sọ bí a ṣe fẹ́ kó túmọ̀: yára, má fo nǹkan kan. Àwọn àṣẹ kéékèèké yẹn ni flag, ìyẹn àsíá. Package manager wá ni ètò tó ń kó gbogbo irinṣẹ́ wa jọ, tó ń yan kọ̀mpáílà tó yẹ, tó sì ń fún un ní àsíá tó bá a mu.

Ẹ wá gbọ́ ìyà tó jẹ mí. Àwọn tó ṣe ẹbí kọ̀mpáílà tí à ń lò yí nǹkan padà. Ẹ̀dà àtijọ́ ń gbọ́ àsíá kan, ẹ̀dà tuntun ní òun fẹ́ òmíràn, orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́! Ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé àlàyé ni wọ́n fi ìkìlọ̀ sí. Package manager wa ò mọ̀ pé wọ́n ti yàtọ̀. Èmi ni ọ̀gá ní kí n kọ́ ọ: láti ẹ̀dà báyìí sẹ́yìn, àsíá yìí, láti ibẹ̀ síwájú, àsíá tọ̀hún. Mo ṣe é. Mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ṣiṣẹ́ geere.

A gbé e sórí kọ̀ǹpútà ńlá, ó kọ̀. "Mi ò mọ àsíá yìí." Ohun tó ń kọ jáde ṣáá nìyẹn.

Ọ̀gá mi, tí wọn ò ka ìlà kan nínú iṣẹ́ mi, dìde nínú ìpàdé: "Bùnmi, ṣé yunifásítì tó o lọ nìyí? Tí kò bá ṣiṣẹ́ títí Friday, wá ibòmíì lọ." Níwájú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni o! Bùọ̀dá Dáyọ̀, ọmọ Ìjàn, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ má tẹrí ba, mo ti rí yín, àwọn ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá. Wọ́n ní, "Sista, àsíá yín ti ya. Ẹ tọ́jú ìyókù, ẹ óò tà á fún ọmọ iléèwé lọ́jọ́ òmìnira." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀.

Mo ka àwọn àsíá yẹn títí ojú fi ń ro mí, kò sí àṣìṣe. Mo gbààwẹ̀. Mo ní, "Baba, tí ẹ̀bi bá jẹ́ tèmi, fi hàn mí. Tí kì í bá ṣe tèmi, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dì í rù mí."

Ó wá di ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Àlejò oníwàásù ń sọ èdè Òyìnbó, Màmá Díákónẹ́ẹ̀sì ń túmọ̀. Màmá kígbe, "Olúwa yóò wọ ulé rẹ!" A ṣàmín. Àwọn tó bá àlejò wá, tí wọn kì í ṣe ọmọ Èkìtì, ń wojú ara wọn. Màmá bá yára tún un ṣe: "Ẹ má bínú o, ilé. Ilé ni mo ní." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ilé àti ulé yẹn ti gbé ọkàn mi lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin ará, fódà tí mo fi kọ̀mpáílà tuntun sí lórí kọ̀ǹpútà ńlá, "ile-tuntun" ni mo pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí ibi tí Bùọ̀dá Dáyọ̀ ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún package manager. Kí ni mo rí? "ule-tuntun"! Package manager wá a tì, ló bá lọ mú kọ̀mpáílà àtijọ́ tó wà nílẹ̀, ó ń fún baba arúgbó yẹn ní àsíá ọmọ tuntun. Ìdí tó fi ní òun ò mọ̀ ọ́n nìyẹn! Gbogbo wa la ti ka ìlà Bùọ̀dá Dáyọ̀ yẹn, ọ̀gá mi tó jẹ́ ọmọ Adó, èmi alára. Kò sẹ́ni tó rí i, torí lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, ulé ni à ń pe ilé.

Mo pe Bùọ̀dá Dáyọ̀. "Ẹ wo ibí yìí."

Wọ́n wò ó. "Ulé-tuntun. Kí ló ṣe é?"

"Ẹ tún un kà."

Wọ́n tún un kà. Wọ́n wá ní, "Háà! Sista, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọ̀gá."

Mo ní, "Ọ̀gá nìkan kọ́, màá sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì!"

Mo pa "u" rẹ́, mo fi "i" rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun gba àsíá tirẹ̀, àtijọ́ gba tirẹ̀, ètò òjò wa ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kígbe Halelúyà!

Nígbà tí Friday pé, ọ̀gá fọwọ́ sí i. Wọn ò bẹ̀ mí o. Gbangba ni wọ́n ti bú mi, inú yàrá wọn ni wọ́n ti kí mi kú iṣẹ́. Mo rí i, Olúwa náà rí i, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni package manager náà ti gba iṣẹ́ mi wọlé. Ẹni tó bá ń lo ẹbí kọ̀mpáílà yẹn níbẹ̀ lónìí, ibi yòówù kó wà láyé, ohun tí ọmọ Ìgèdè kọ ló ń bá a yan àsíá.

Wọ́n ti kọ́ńfáàmù mi! Kò sẹ́ni tó lè jí láàárọ̀ kó ní kí n máa lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti di ẹ̀bi ẹlẹ́bi rù rí, kó dìde, kó bá mi jó. Ẹ̀yin akọrin, ẹ dá a! Bùọ̀dá Dáyọ̀, ẹ má fara pamọ́ mọ́. Ẹ bọ́ síwájú níbí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jó.